Oríkèé Ń Ro Ẹni Tó Ń Lo Oògùn Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Dì: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà mẹ́fà la mú lórí ọ̀rọ̀ yìí lóṣù yìí. Bí orúkọ oògùn ṣe wà lára páálí la ṣe kọ ọ́, torí orúkọ yẹn gan-an ni ẹ máa wá nígbà tí ẹ bá dúró níwájú ẹni tó ń ta oògùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 66 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, òkè kejì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó ti pé ọdún 3 tí dókítà ti fi mí sórí Warfarin nítorí pé ọkàn mi ń lù ségesège. Orúnkún méjèèjì ló ń ro mí báyìí, ti ọ̀tún ló le jù. Wọ́n fún mi ní ibuprofen ní kẹ́míìsì, ọmọ mi sì gbà á lọ́wọ́ mi. Kí wá ni kí n lò? Àbí kí n kàn máa jẹ̀rora bẹ́ẹ̀? (Ìyá aláṣọ, Ìsàlẹ̀ Èkó)

Màmá, ẹ bá wa kí ọmọ yín, ohun tó tọ́ ló ṣe. Ẹ kò sì ní jókòó ti ìrora. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdí tí ibuprofen kò fi yẹ yín, torí ẹni tó bá mọ ìdí kò ní gba oògùn mìíràn tó jẹ́ ẹbí ibuprofen lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́la.

Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá fọ́ níbì kan nínú ara, nǹkan méjì ló máa ń dí i. Àkọ́kọ́ ni àwọn wóró tín-ín-tìn-tín inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní platelet. Wọ́n á sáré kóra jọ síbẹ̀, wọ́n á sì dí ojú ihò náà. Ìkejì ni àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n apẹja, tí ẹ̀jẹ̀ máa hun lé wọn lórí kí wọ́n má baà tú ká. Warfarin kì í fọwọ́ kan platelet. Àwọ̀n yẹn ló ń dín kù, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí fítámì K lò bó ṣe fẹ́. Ibuprofen ní tirẹ̀, platelet ló ń sọ di ọ̀lẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ń bó omi yíyọ̀ tó ń dáàbò bo inú ikùn lọ́wọ́ oje kíkan tó fi ń lọ oúnjẹ.

Ẹ wá wò ó: ikùn dá egbò, platelet kò lè dí i, àwọ̀n náà kò tó. Ibuprofen yìí kan náà ló tún ń pa ìrora egbò ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi lè máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú fún ọjọ́ mélòó kan kó má mọ̀, àfi ìgbà tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí òòyì bá gbé e lójijì.

Ẹbí ibuprofen pọ̀ lórí àtẹ. Diclofenac wà níbẹ̀, òun ló wà nínú Cataflam àti Voltaren. Piroxicam wà níbẹ̀, òun ni Feldene. Èyí tiẹ̀ burú sí i, nítorí ó máa ń lò ju ọjọ́ 2 lọ nínú ara kó tó dín kù sí ìdajì. Naproxen, ketoprofen, indomethacin àti meloxicam, ẹbí kan náà ni wọ́n. Wọ́n lè sọ fún yín pé celecoxib kì í dá ikùn lóró tó àwọn yòókù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti Warfarin ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ yín rọ̀ jù. Ẹ má fúnra yín rà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni Alábùkún tí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀, tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1918: áspírìn àti kafíìnì ló wà nínú rẹ̀. Áspírìn tí ẹ bá lò lónìí á ṣì máa ṣiṣẹ́ lára platelet yín fún bí ọjọ́ 7 sí 10. Tó bá jẹ́ pé dókítà ọkàn ló fún yín ní áspírìn 75 mg mọ́ Warfarin, ìyẹn yàtọ̀, ẹ má fúnra yín dá a dúró.

Paracetamol ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Hóró kan sábà máa ń jẹ́ 500 mg. Ẹ lè lo hóró 1 tàbí 2 lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí 6 wà láàárín. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé paracetamol náà máa ń ti Warfarin lẹ́yìn díẹ̀: ẹni tó bá ń lo hóró 4 (2,000 mg) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, INR rẹ̀ (iye tí àyẹ̀wò fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì) lè gòkè. Hóró 1 tàbí 2 lọ́jọ́ tí ìrora bá le kì í dá nǹkan kan sílẹ̀. Àmọ́ tó bá máa jẹ́ ojoojúmọ́, ẹ má kọjá hóró 4, ẹ sọ fún ilé ìwòsàn tó ń mójú tó Warfarin yín, kí wọ́n sì yẹ INR wò láàárín ọjọ́ 5 sí 7. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège bíi tiyín, 2 sí 3 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó wà. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tó ń mutí gan-an, tàbí tí kò wọ̀n tó kìlò 50 gbọ́dọ̀ béèrè ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Ẹ tún máa wo ẹ̀yìn páálí oògùn ọ̀fìnkìn, paracetamol sábà máa ń wà nínú wọn, ẹ lè máa lo ìlọ́po méjì láìmọ̀.

Ẹ má dúró kí ìrora gorí kí ẹ tó lò ó. Ẹ lò ó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45 kí ẹ tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Balógun yẹn.

Oògùn kọ́ ni ibi tí ìtura tó máa pẹ́ wà, iṣan iwájú itan ni. Iṣan yìí ló ń gbé orúnkún dúró. Bí orúnkún bá ń ro èèyàn, kì í lò ó mọ́. Iṣan á rọ, gbogbo ìwúwo ara á wá bọ́ sórí eegun, ìrora á sì pọ̀ sí i. Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe nìyí. Ẹ jókòó sórí àga tó le, tí kò ní táyà. Ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú títí orúnkún á fi gún régé, ẹ fún iṣan itan pọ̀, ẹ ka ení dé àrún, ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lárọ̀ọ́, lọ́sàn-án, lálẹ́. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ka á dé ẹẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ padà jókòó wẹ́rẹ́. Ẹ fi ẹ̀ẹ̀marùn-ún bẹ̀rẹ̀. Ó máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ẹ tó mọ ìyàtọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìrora díẹ̀ tó lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ kò burú. Bí orúnkún bá wú lọ́jọ́ kejì, ẹ dín iye rẹ̀ kù sí ìdajì.

Ẹ wo àpótí tí ẹ ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù. Àpótí kúkurú ń ba orúnkún jẹ́, torí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dìde ni gbogbo ara máa rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá àga tí ìdí yín á fi ga ju orúnkún lọ díẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ni kó ṣáájú tí ẹ bá ń gòkè, èyí tó ń ro ni kó ṣáájú tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ń lo ọ̀pá, tí ọ̀tún sì ń ro jù, ọwọ́ òsì ni kí ọ̀pá wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e sí ọwọ́ kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, kì í ràn wọ́n lọ́wọ́ rárá. Ẹ gbàdúrà lórí àga. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ẹ kúnlẹ̀ kí òun, ẹ ṣàlàyé fún un. Tí ara bá sì wúwo, kìlò 1 péré tí ẹ bá dín kù ń gbé bíi kìlò 4 kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀ka físíò wà ní Ìgbóbì àti ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn yín, ẹ sọ pé Warfarin lẹ ń lò.

Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ẹ má sá fún un. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ùgwú, gbogbo wọn ló ní fítámì K. Kí iye tí ẹ ń jẹ lọ́sẹ̀ yìí má jìnnà sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyẹn ló ṣe pàtàkì.

Ẹ ǹ lẹ́ o. Dáńfó ni mò ń wà, Ọ̀ṣòdì sí Yábàá. Ẹ̀jẹ̀ dì sí mi ní ẹsẹ̀ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, rivaroxaban 20 mg ni mò ń lò. Ẹ̀yìn àti orúnkún ń ro mí. Kẹ́míìsì kan ní kí n sinmi oògùn náà fún ọjọ́ 2, kí òun fún mi ní abẹ́rẹ́ diclofenac sí ìdí, kí n wá padà sórí rẹ̀. Ṣé ó dáa? (Awakọ̀, Ọ̀ṣòdì)

Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbà. Ọ̀nà mẹ́ta ló fi burú.

Rivaroxaban kì í pẹ́ nínú ara bíi Warfarin. Tó bá fi máa di wákàtí 24, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ ti lọ. Ọjọ́ 2 láìlò ó túmọ̀ sí pé ẹ wà láìsí ààbò, ẹ sì tún jókòó sídìí ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹsẹ̀ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já, kó gba inú ọkàn kọjá lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ìkejì, abẹ́rẹ́ sí ìdí fún ẹni tó ń lo oògùn yìí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú ẹran ìdí láìhàn síta. Á wú, á le, á sì máa ro gan-an. Ìkẹta, diclofenac ni diclofenac, ì báà jẹ́ hóró, ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́: kò gba ẹnu wọlé lóòótọ́, àmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà dé ikùn. Ó tún lè dá kíndìnrín lóró. Rivaroxaban sì ń gba ibẹ̀ jáde. Bí kíndìnrín bá dẹ̀, oògùn á ṣẹ́kù sára.

Ẹ má sì rò pé tí ẹ bá lo ọ̀kan láàárọ̀, kí ẹ lo èkejì lálẹ́, wọn kò ní pàdé. Wọ́n á pàdé.

Paracetamol kì í fa wàhálà pẹ̀lú rivaroxaban bó ṣe ń fà pẹ̀lú Warfarin: hóró 2 lẹ́ẹ̀kan, kó má kọjá hóró 8 láàárín wákàtí 24 fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹ fi oúnjẹ lo rivaroxaban 20 mg. Tí inú bá ṣófo, ara kì í gba gbogbo rẹ̀. Ní gáréèjì, kí ẹ tó kó èrò míì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ fa àga ọkọ̀ síwájú kí orúnkún lè tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ kọ́lọ́ọ̀sì dé ìsàlẹ̀. Tramadol tí wọ́n ń tà ní gáréèjì kò sí lára ohun tí ẹ lè fi ṣe é. Ó ń mú oorun wá lójú ọ̀nà, ó sì ń di bárakú. Ẹni tó wà lórí Warfarin tún ní ìdí mìíràn láti yẹra fún un: ó lè gbé INR ga.

Ṣé òróró ìpara gbígbóná kò léwu? Warfarin ni mò ń lò. (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Súrùlérè)

Ó sinmi lórí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wá methyl salicylate lẹ́yìn agolo. Ìbátan áspírìn ni, awọ ara sì ń fà á mu. Kí ẹ fi ìka bù ú díẹ̀ sí ibì kan lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kéré. Àmọ́ kí ẹ máa fi pa gbogbo ẹ̀yìn, èjìká àti orúnkún lójoojúmọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan tí INR wọn gòkè. Ẹ má fi aṣọ gbígbóná lé e lórí: á wọ ara sí i, ó sì lè jó yín.

Ìpara tí wọ́n fi èròjà inú ata ṣe, capsaicin, kì í bá Warfarin jà. Ẹ fi pa á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 kó tó ṣiṣẹ́, á ta yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú. Ìpara diclofenac náà wà: nǹkan bí 6 nínú 100 ohun tí hóró ń gbé wọnú ẹ̀jẹ̀ ni òun ń gbé wọ̀ ọ́. Dókítà lè gbà kí ẹ lò ó fún orúnkún kan tàbí ìka ọwọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè ná.

Ọmọ mi fi glucosamine ránṣẹ́ sí mi láti Kánádà, ó ní ewé àti ẹja ni, kì í ṣe oògùn. Mo tún ń mu àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Warfarin ni mò ń lò. (Bàbá, Èbúté-Mẹ́ta)

Bàbá, ara kì í bi oògùn bóyá ewé ni tàbí hóró. Glucosamine, pàápàá èyí tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ chondroitin, ti mú kí INR àwọn tó ń lo Warfarin gòkè; ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣe fún orúnkún kò sì tó ewu yẹn. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, ẹ ní kó fi owó náà ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ránṣẹ́. Ẹ fi èyí tí wọ́n fi òróró ẹja, aáyù, atalẹ̀ tàbí atalẹ̀ pupa dì sínú kápúsù sílẹ̀ pẹ̀lú. Aáyù àti atalẹ̀ inú ọbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Ti ọ̀pá ẹ̀yìn le ju ti glucosamine lọ, torí kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ọtí sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ọtí sì ń da iṣẹ́ Warfarin rú. Àwọn kan tún máa ń lọ oògùn òyìnbó mọ́ àgbo kó lè tètè ṣiṣẹ́. Àgbo tó bá mú gbogbo ìrora lọ láàárín wákàtí kan, ẹ fura sí i gidi gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí yín lórúnkún.

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi wú lóru, ó pọ́n, aṣọ ibora ò gbọdọ̀ kàn án. Dókítà ní gout ni. Apixaban 5 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mò ń lò. (Ẹni ọdún 58, Yábàá)

Indomethacin ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ gout; kì í ṣe tiyín. Ẹ ní kí dókítà wo colchicine tí kò pọ̀, 0.5 mg lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti wo kíndìnrín yín. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ó ti pọ̀ jù, ẹ dá a dúró. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní clarithromycin. Ẹ fi yìnyín tí ẹ wé sínú aṣọ lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ fi ọtí bíà, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi, ẹni ọdún 71, ń lo Warfarin. Orúnkún wọn wú lóru àná, ó gbóná, wọn ò lè tẹ̀ ẹ́. Wọn ò ṣubú. Flagyl tí wọ́n lò fún inú rírun parí lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Màmá fẹ́ fi omi gbígbóná wọ́ ọ. (Ọmọ wọn, Ṣómólú)

A ti fi èsì ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ lẹ́tà yìí lọ́jọ́ tó dé, kí ó tó jáde níbí. Ẹ̀yin yòókù tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Oríkèé tó wú láàárín wákàtí díẹ̀ lára ẹni tó ń lo Warfarin lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú rẹ̀. Flagyl, ìyẹn metronidazole, máa ń gbé INR ga gan-an. Septrin ń ṣe bẹ́ẹ̀, fluconazole náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fún yín ní ọ̀kan nínú wọn, ẹ ní kí wọ́n yẹ INR wò láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró sínú oríkèé ń jẹ kèrékèré tó bo orí eegun, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó pẹ́ níbẹ̀. Ó sì tún lè jẹ́ kòkòrò àrùn ló wọ ibẹ̀, pàápàá tí ibà bá wà.

Omi gbígbóná àti wíwọ́ á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà máa dà sí i. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sórí ìrọ̀rí, ẹ fi yìnyín tí ẹ wé sínú aṣọ lé e fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi Warfarin ti alẹ́ ọjọ́ náà fún wọn kí dókítà tó rí wọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ́rẹ́ fa omi inú rẹ̀ láìtíì mọ INR. Bí INR bá ga, wọ́n lè fún wọn ní fítámì K. Ẹ kó gbogbo oògùn sínú báàgì kan dání, páálí Flagyl àti ìgò àgbo pẹ̀lú.

Bí ìgbẹ́ bá dúdú, tí wọ́n bá ń bì ohun tó dà bí gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, tí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ bẹ́ẹ̀ ẹ sì dì í mú, tàbí tí wọ́n bá fi orí gbá nǹkan, kódà tí ara wọn bá dá lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pe 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni ní gbogbo Èkó, lọ́sàn-án àti lóru.